Òkúta, Omi àti Ilẹ̀ Orí Òkè: Àwọn Ìbéèrè Tí Kì í Tán

Àwọn tó ń gbé abúlé orí òkè, níbi tí ọ̀nà mọ́tò kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, ló ni àwọn ìbéèrè yìí, àti àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ omi ló gba àyè jù níbẹ̀, torí òun ni wọ́n ń béèrè jù.

Kí ló kan ará abúlé pẹ̀lú ìmọ̀ nípa òkúta? Ṣé iṣẹ́ awakùsà kọ́ nìyẹn?

Ó kàn án ju awakùsà lọ. Bí ohun tó ń wà bá tán, awakùsà á di ẹrù rẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Ará abúlé ni yóò kù sílẹ̀. Irú òkúta tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ló ń sọ ibi tí omi yóò ti sun, bí ilẹ̀ oko ṣe máa nípọn tó, ibi tí ilé lè dúró sí, àti ibi tí òkè yóò ti ya lọ́jọ́ tí òjò bá pọ̀ jù. Nǹkan bí ìdá 27 nínú 100 ilẹ̀ ayé ló jẹ́ òkè, àwọn tó sì ń gbé ibẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 1. Ìyẹn kò tíì kan àwọn tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń mu omi tó ti òkè ṣàn wá.

Òkè ò kúrò lójú kan. Kí ló dé tí wọ́n ń sọ pé ó ń rìn?

Ó ń rìn lóòótọ́. Òkúta ẹfun ló wà ní ṣóńṣó Everest, òkè tó ga jù láyé, àwọn ẹ̀dá inú òkun tó ti di òkúta sì wà nínú rẹ̀, torí ìsàlẹ̀ òkun ni òkúta yẹn wà ní ohun tó lé ní 400 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Nígbà tó di nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ Íńdíà kọ lu ilẹ̀ Éṣíà, etí méjèèjì sì ká sókè bí ẹní tí èèyàn tì mọ́ ògiri. Títì náà ò tíì dáwọ́ dúró. Bí òkè ṣe ń ga ni òjò, yìnyín àti odò ń gbẹ́ ẹ wálẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìmìtìtì ilẹ̀ àti ilẹ̀ yíya fi wọ́pọ̀ ní àwọn òkè tí kò tíì pẹ́ láyé, bíi Himalaya ní Éṣíà àti Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà.

Ìsun omi wa ń gbẹ. Ṣé òjò ló dín kù ni?

Ó lè jẹ́ òjò, ó sì lè má jẹ́ òjò rárá.

Omi ìsun, òjò ni tẹ́lẹ̀. Ó wọlẹ̀ níbì kan lókè, ó ń rìn nínú òkúta tó ní ihò wẹ́wẹ́ tàbí tó là, títí ó fi bá ìpele amọ̀ tàbí òkúta tó dì pàdé. Kò rọ́nà lọ sísàlẹ̀ mọ́, ló bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yọ síta. Ibi tó yọ sí là ń pè ní ìsun. Ẹnu lásán nìyẹn. Ibi tí omi ti ń wọlẹ̀ ni ikùn.

Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé ikùn yìí lè má sí lókè ẹnu gan-an. Bí ìpele òkúta bá dà sí ìlà oòrùn, òjò tó rọ̀ sí apá ìwọ̀ oòrùn òkè lè gba inú òkè kọjá kó wá yọ ní òdì kejì. Abúlé kan lè máa tọ́jú igbó rẹ̀ tọkàntọkàn kí ìsun rẹ̀ sì máa gbẹ, nítorí pé orí ilẹ̀ abúlé míì ni omi náà ti ń wọlẹ̀, màlúù sì ti tẹ ibẹ̀ le bí ilẹ̀ ìta ilé, tàbí wọ́n ti la ọ̀nà gba ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjà omi láàárín abúlé méjì, òkúta ló dá a sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀tá.

Ìmìtìtì ilẹ̀ náà lè yí ọ̀nà omi padà lóru ọjọ́ kan. Ihò ńlá tí wọ́n bá gbẹ́ gba inú òkè fún ọ̀nà ọkọ̀ tàbí fún omi iná mànàmáná lè fa omi kúrò lọ́dọ̀ yín. Òjò pàápàá lè má dín kù lápapọ̀, àmọ́ bó bá ń rọ̀ fún wákàtí méjì bí ẹni da omi, dípò kó rọra rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, yóò ti ṣàn lọ kí ilẹ̀ tó mu ún.

Ní ìpínlẹ̀ Sikkim ní Íńdíà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń jẹ́ Dhara Vikas ní 2008. Ẹnu ìsun kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Wọ́n wá ikùn rẹ̀ kàn, wọ́n wá gbẹ́ yàrà kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ òkè níbẹ̀, kí omi òjò lè dúró díẹ̀ kó sì wọlẹ̀. Àwọn ìsun kan tó ti ń kú lọ sọjí padà. Ẹ fi èyí wé àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: wọ́n á kó gbogbo owó lé àpótí sìmẹ́ǹtì tí wọ́n kọ́ sí ẹnu ìsun. Àpótí á dùn ún wò, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, omi ò sì ní wá.

Báwo la ṣe máa mọ ibi tí ikùn ìsun wa wà?

Ẹsẹ̀ àti ojú lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti gé òkè fún ọ̀nà, tàbí etí odò tí òkúta ti hàn síta, kí ẹ wo apá ibi tí àwọn ìpele dà sí. Bí ìpele bá dà sí apá ọ̀dọ̀ yín, ó ṣeé ṣe kí omi máa ti òdì kejì bọ̀. Bó bá dà lọ sẹ́yìn òkè, ẹ̀yin lẹ̀ ń fún àwọn míì lómi.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ìsun. Bí kẹ́ẹ̀gì onílítà 20 bá kún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 40, ìdajì lítà ló ń wá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 43,200 lítà ní ọjọ́ kan. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ máa kọ ọjọ́ tí òjò rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìsun tó pọ̀ lójijì tí omi rẹ̀ sì dàrú lẹ́yìn òjò, ojú ihò àti ibi tó là nínú òkúta ni omi rẹ̀ ń gbà. Èyí wọ́pọ̀ nínú òkúta ẹfun, omi bẹ́ẹ̀ kì í sì í ráyè sẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń yàgbẹ́ sí orí ikùn rẹ̀, ẹ ó mu ún. Èyí tí kì í tètè yí padà ń ti ọ̀nà jíjìn tàbí ọ̀nà tóóró bọ̀.

Àwọn tó gbé orí òkè Andes lókè ìlú Lima, ní Peru, ti mọ èyí kí àwọn Inca, tó jọba níbẹ̀ láyé àtijọ́, tó dé. Wọ́n gbẹ́ ipa omi tí wọ́n ń pè ní *amunas*: nígbà òjò, wọ́n á darí omi odò sórí ilẹ̀ olókùúta kó lè wọlẹ̀, kó wá yọ níbi ìsun nísàlẹ̀ nígbà tí òjò bá ti lọ. Àwọn tó fi àwọ̀ tọpa omi náà rí i pé, tí a bá dá a ní àròpín, ọjọ́ 45 ló ń lò lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n gbé ìwádìí yẹn jáde ní 2019.

Ṣé ká ṣáà gbin igi púpọ̀?

Ó dá lórí igi. Igi tó ń yára dàgbà, bíi eucalyptus, ń mu omi gan-an, ó sì lè dín omi ìsun kù níbi tí òjò kò bá pọ̀. Koríko àti igbó tó hù fúnra rẹ̀, tí ẹran ò tẹ̀ le, sábà máa ń dára ju igi onílà tààrà tí wọ́n gbìn torí owó.

Kànga ẹ̀rọ ńkọ́?

Ẹ ṣọ́ra. Lórí òkè, omi kì í sí káàkiri abẹ́ ilẹ̀ bíi ti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Inú òkúta tó là ló wà, ibi tó là náà sì lè jẹ́ ibì kan náà tó ń bọ́ ìsun. Ẹ lè gbẹ́ kànga kan kí ìsun mẹ́ta kú.

Yìnyín orí òkè ń tán lọ. Kí la lè ṣe?

Kò sí ohun tí abúlé kan lè ṣe tí yìnyín tó ti dì láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò fi ní yọ́. Ohun tí ọwọ́ yín ká ni ìgbà tí omi rẹ̀ ń dé. Ní Ladakh, ní Íńdíà, ìgbà ìrúwé ni àgbẹ̀ ń fẹ́ omi, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ni yìnyín gíga tó ń yọ́ dáadáa. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan níbẹ̀, Chewang Norphel, ti ń dá omi ìgbà òtútù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè kó lè dì láti àwọn ọdún 1980. Ní nǹkan bí 2013, onímọ̀ ẹ̀rọ míì níbẹ̀, Sonam Wangchuk, gbé ọ̀nà míì yọ: wọ́n fi ọ̀pá gbé omi láti òkè wá, ó ń tú sókè láìlo ẹ̀rọ, ó sì ń dì bó ṣe ń bọ́, títí yóò fi di òkìtì ṣóńṣó. Òkìtì bẹ́ẹ̀ kì í tètè yọ́, torí ara tó kọjú sí oòrùn kéré sí ìwọ̀n yìnyín tó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ o: ọ̀pá máa ń dì pa, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ nínú òtútù òru.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé òkè fẹ́ ya?

Kì í sábà dé láì fi àmì hàn. Ilẹ̀ á là gbọọrọ lókè, bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ fà á. Igi àti òpó á fẹ̀gbẹ́ síbì kan náà. Ìlẹ̀kùn tó ń ṣí dáadáa lánàá á há. Omi tuntun á sun ní ìsàlẹ̀ òkè, tàbí ìsun àtijọ́ á dàrú láìsí òjò. Òkúta kéékèèké á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kan èèkàn sí òdì méjèèjì ibi tó là, kí ẹ máa wọn àárín wọn lójoojúmọ́. Bí àlàfo náà bá ń fẹ̀ sí i, tí èyí tó fẹ̀ lónìí sì ju ti àná lọ, ẹ má dúró di ìpàdé.

Nǹkan méjì ló sábà máa ń mú òkè ya: omi tó wọ inú rẹ̀, àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n gé. Ní Vajont, ní Ítálì, ọ̀ràn omi ni. Wọ́n kọ́ odi ìsédò tó ga ní 262 mítà sí àárín òkè, bí adágún náà ṣe ń kún ni ilẹ̀ òkè Toc tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń là. Ìpele amọ̀ tínrín wà láàárín òkúta ẹfun ibẹ̀, orí amọ̀ yẹn ni gbogbo òkè gùn. Àwọn tó kọ́ odi rí i pé ilẹ̀ ń rìn. Wọ́n rò pé àwọn lè fi gbígbé omi sókè sódò kó o níjàánu. Lóru October 9, 1963, ohun tó tó mílíọ̀nù 260 kúbíìkì mítà òkúta já sínú omi. Omi fò kọjá orí odi, ó sì pa èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 nísàlẹ̀. Odi náà ṣì dúró síbẹ̀ di òní.

Ti Joshimath ní Íńdíà yàtọ̀. Orí èérún òkè tó ti ya láyé àtijọ́ ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí. Ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba gbé kalẹ̀ sọ ọ́ ní 1976, wọ́n ní kí wọ́n má fọ́ òkúta ńlá, kí wọ́n má sì kọ́ ilé wúwo. Síbẹ̀, wọ́n kọ́ ọ. Ní January 2023, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé ló sán, àwọn èèyàn sì kó jáde.

Ẹ wá wo Blatten ní Switzerland. Ní May 2025, àwọn tó ń ṣọ́ òkè rí i pé òkúta ń já sórí yìnyín tó wà lókè abúlé náà. Wọ́n kó nǹkan bí 300 èèyàn kúrò, títí kan màlúù wọn. Ní May 28, yìnyín àti òkúta já, ó sì bo èyí tó pọ̀ jù nínú abúlé. Ẹnìkan tó wà níta ibi tí wọ́n ní kí wọ́n kúrò ló bá a lọ. Ìyókù wà láàyè. Wọn ò rí ilé gbà. Èèyàn ni wọ́n rí gbà.

Òjò ń rọ̀, odò wa sì dédé fà. Kí ló fà á?

Ẹ kúrò ní etí odò kíá! Ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ ti ya dí i lókè, kí omi máa kó jọ lẹ́yìn rẹ̀. Òmíràn á já láàárín wákàtí díẹ̀. Òmíràn á dúró pẹ́: èyí tó dí odò Murghab ní Tajikistan ní 1911, tó bo abúlé Usoi mọ́lẹ̀, ga ju 500 mítà lọ, adágún Sarez sì wà lẹ́yìn rẹ̀ títí dòní. Ní January 2010, òkè ya ní Attabad, ní àfonífojì Hunza ní Pakistan. Adágún tó gbé dìde bo abúlé àti ọ̀nà Karakoram mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí 20 kìlómítà.

A fẹ́ ọ̀nà mọ́tò. Ṣé ohun tó burú ni?

Rárá. Aláboyún tó ń rọbí kò lè dúró de ìmọ̀ òkúta. Ohun tó burú ni katakata tó kàn gé ẹsẹ̀ òkè, tó da erùpẹ̀ sísàlẹ̀ sórí oko àti odò, tí kò sì ṣe ojú ọ̀nà fún omi. Bí owó ò bá tó ṣe gọ́tà, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà kúrú, kí gọ́tà sì wà.

A rí wúrà. Báwo la ṣe máa wà á tí kò ní pa wá?

Mẹ́kúrì, irin olómi tó ń dán, ni ẹ máa kọ́kọ́ sá fún. Wọ́n ń fi í kó wúrà jọ, wọ́n á wá sun ún kó lè fò lọ, èéfín yẹn sì ń wọ ọpọlọ àti kídìnrín ẹni tó ń sun ún àti ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ awakùsà wúrà kéékèèké ló ń tú mẹ́kúrì sáfẹ́fẹ́ jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọmọ aráyé, òun sì wà lára ohun tí Àdéhùn Minamata, àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2013, ń gbógun tì.

Ọ̀nà míì wà. Àwọn awakùsà kéékèèké ní òkè Benguet, ní Philippines, ti ń lo borax, ìyẹ̀fun funfun kan tó dà bí iyọ̀, láti ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n á lọ òkúta, wọ́n á fi omi yọ èyí tó wúwo títí yóò fi ku díẹ̀, wọ́n á wá pò ó mọ́ borax, wọ́n á fi iná tó le yọ́ ọ. Wúrà á rì sísàlẹ̀. Ó gba sùúrù ju mẹ́kúrì lọ, kì í sì í ṣe gbogbo òkúta ló bá a mu.

Ẹ tún wádìí ẹni tí èrè ń lọ bá. Ní La Rinconada ní Peru, tó ga ju 5,000 mítà lọ, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ odidi oṣù láìgba owó, kí wọ́n lè ráyè kó òkúta tiwọn fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Wúrà lè wà nínú rẹ̀, ó sì lè má sí.

Iléeṣẹ́ ńlá kan fẹ́ wá wa kùsà lọ́dọ̀ wa. Kí la máa bi wọ́n?

Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n máa da pàǹtírí òkúta sí, kí ẹ tó bi wọ́n léèrè iye iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ máa rí. Òkúta kan wà tó ń dán bíi wúrà, irin àti imí ọjọ́ ló para pọ̀ dá a. Bí wọ́n bá hú u síta tí afẹ́fẹ́ àti omi kàn án, ó ń di ásíìdì. Odò á pupa bí ìpẹtà, ẹja á kú, èyí sì lè máa bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ ti lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ omi yín wò kí wọ́n tó gbẹ́ ohunkóhun, kí èsì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹ̀yin náà. Kí owó tí wọ́n máa fi tún ilẹ̀ ṣe wà nílẹ̀ ṣáájú, níbi tí wọn ò ti lè dá fọwọ́ kàn án.

Cerro Rico ní Potosí, ní Bolivia, ni wọ́n ti ń wa fàdákà láti 1545. Fàdákà náà tó Yúróòpù, ó tó Ṣáínà. Ṣóńṣó òkè náà ti ń rì báyìí, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo àwọn ibi àjogúnbá, sì fi Potosí sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tó wà nínú ewu ní 2014.

Ìdí wo ni gẹ̀gẹ̀ fi pọ̀ ní abúlé orí òkè láyé àtijọ́?

Áyódìn, èròjà kan tí ara nílò díẹ̀ nínú rẹ̀, ló ṣọ̀wọ́n nínú ilẹ̀ wọn: yìnyín àti òjò ti gbá a lọ, òkun sì jìnnà. Switzerland bẹ̀rẹ̀ sí fi áyódìn sínú iyọ̀ ní 1922, gẹ̀gẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n wà láti inú òkè kò ní èyí tó tó nínú, bó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dùn ún wò tó.

Irú ilé wo ló yẹ níbi tí ilẹ̀ ti ń mì?

Ilé tó fúyẹ́ lókè tó sì lè mì láìtú. Ní October 8, 2005, ìmìtìtì ilẹ̀ Kashmir pa ju 70,000 èèyàn lọ. Ọ̀pọ̀ ilé olókùúta àti ti kọnkéré tí wọn ò kọ́ dáadáa wó. Àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní *dhajji dewari*, tí wọ́n fi igi pín ògiri sí ojú kéékèèké, tí wọ́n wá fi òkúta àti ẹrẹ̀ dí i, sán lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró. Òkúta odò tó rí róbótó ni kí ẹ má fi mọ ògiri. Kì í di ara wọn mú.

Ṣé odò kékeré lè fún wa ní iná mànàmáná?

Ó lè ṣe é. Ìwọ̀n omi àti gíga tó fi ń já ni ẹ máa ṣírò. Omi 20 lítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó já láti 50 mítà, ní agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílówáàtì 10. Ẹ̀rọ á jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ lè rí bíi 5 lò. Omi ìgbà tó kéré jù lọ́dún ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe ti ìgbà òjò.

Omi àti pápá jẹ́ ti gbogbo wa. Ǹjẹ́ kò ní bàjẹ́ bí ẹnikẹ́ni kò bá ni ín?

Ohun tó jẹ́ ti gbogbo yín kì í ṣe ohun tí kò lẹ́ni tó ni ín. Ní Törbel, abúlé kan ní Switzerland, wọ́n kọ òfin sílẹ̀ ní 1517 pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da màlúù lọ sí pápá orí òkè ju iye tí ó lè bọ́ ní ìgbà òtútù. Òfin náà kò nílò ọlọ́pàá púpọ̀: gbogbo èèyàn ló mọ iye koríko tí aládùúgbò rẹ̀ kó sínú àká. Elinor Ostrom, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ọrọ̀ ajé ní 2009, lo Törbel gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú òfin yẹn ni pé ohun tó ṣeé kà ló gùn lé.

Onímọ̀ nípa òkúta kan ń bọ̀ fún ọjọ́ méjì péré. Kí la máa fi hàn án?

Ẹ má fi ọjọ́ kìíní ṣe àsè fún un. Ẹ jẹ́ kí darandaran kan àti àgbàlagbà kan bá a rìn. Àwọn ló mọ ibi tí omi ti sun rí tó ti gbẹ, àti ọdún tí òkè ya gbẹ̀yìn. Ẹ mú ìwé tí ẹ ń kọ ìwọ̀n ìsun sí dání. Ẹ mú un lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti là kí ẹ tó mú un lọ síbi tí ẹ fẹ́ kọ́lé sí. Kí ó tó lọ, ẹ ní kó ya àwòrán ilẹ̀ yín lé bébà, kó fi èdè yín kọ orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan sí i, kó sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún yín.